Bo Ibi Tí Ọwọ́ Rẹ Kò Tíì Dé

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí bóyá mo dúpẹ́ bàtà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè ṣe é: bàtà funfun náà bá ẹsẹ̀ mi mu rẹ́gí. Ẹ̀gbọ́n yín, Àǹtí Aránṣọ, ti ń rán aṣọ tí yóò bá a lọ. Wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ káwọn kọ̀wé. Mo ń sùn dáadáa, mo ń jẹun, ẹnu mi náà kò tíì yí padà.

Ìròyìn ayọ̀ ló ṣáájú. Wọ́n ti dìbò, èmi ni wọ́n sì yàn ṣe olórí ọ̀dọ́ ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó máa kẹ́yìn oṣù karùn-ún ni wọn yóò gbé mi sórí àga níwájú gbogbo ìjọ, èmi ni n ó sì dá orin lọ́jọ́ náà. Mo ti ń rìn bí olórí nínú yàrá. Àǹtí ní tí n kò bá ṣọ́ra, n ó forí gbá ògiri.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín. Ìrẹ̀lẹ̀ ni àkòrí ọdún yìí fún àwa ọ̀dọ́, wọ́n sì ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí ìjọ wa kò lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìṣèpàdé. Ọmọkùnrin pásítọ̀ ni alága. Alága Ìrẹ̀lẹ̀ la ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ láìrẹ́rìn-ín. Ó ní igbákejì, igbákejì náà sì ní olùrànlọ́wọ́. Wọ́n pinnu pé a ó lọ wẹ ẹsẹ̀ arúgbó kan bí Olúwa ti ṣe, kí ẹlẹ́fọ́tò sì yà wá fún kàlẹ́ńdà ìjọ. Màmá Akọrin ni wọ́n mú, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ìyàwó oníbàtà ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn. Àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó máa gbé abọ́ omi. Alága ní òun ni, nítorí òun ni alága. Igbákejì ní wọn ò rí ojú òun nínú kàlẹ́ńdà èṣí. Àwọn méjèèjì di abọ́ náà mú, kálukú ń fà á síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi bá dà sórí ibùsùn arúgbó. Ẹlẹ́fọ́tò ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún kúnlẹ̀, kí àgbọ̀n wọn kọjú sí òun. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ni omi kàn. Iná kámẹ́rà tàn, wọ́n gbàdúrà gígùn kan, wọ́n lọ.

Èmi dúró nítorí abọ́, torí pé ti Àǹtí ni. Mo ní kí n bá ìyá náà yọ aṣọ tó tutù lábẹ́ wọn. Nígbà tí mo gbé èjìká wọn díẹ̀, òórùn kan lù mí nímú. Màmá, ẹ̀yìn wọn ti jẹrà. Egbò náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń yí wọn padà.

Ẹ̀yin lẹ ń wẹ àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ yín lọ́hùn-ún. Báwo ni wọ́n ṣe ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀? Mo bi Àǹtí. Bí mo ṣe dárúkọ Màmá Akọrin báyìí, ńṣe ni wọ́n tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún nǹkan.

Èmi ni, ọmọ yín ẹlẹ́nu.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Ẹlẹ́nu mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ara mi le. Ìbàdí ń dùn mí díẹ̀, iṣẹ́ ló ń fà á.

O kú oríire. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti kọ ọ́ pé ìwọ ni wọ́n yàn, mo dìde dúró nínú yàrá mi, mo rìn yí i ká. Yàrá náà kò tóbi, kò pẹ́ tí mo fi rìn ín tán. Ti abọ́ yẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sára. Ìrẹ̀lẹ̀ tó ní alága àti igbákejì! Àwọn ọmọ tí kò lè ká aṣọ tí wọ́n fi sùn ni wọ́n fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Sọ fún Alága rẹ pé mo kí i. Ní kó fọ páǹtí tirẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, má sì jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ ò mọ Màmá Akọrin. Èmi mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Oyún rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kò sì sí ọkọ kankan tí mo lè tọ́ka sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹsẹ kejì orin nígbà tó gbé ọwọ́ sókè tó dá wa dúró. Ó pè mí síwájú ìjọ, ó ní kí n bọ́ aṣọ akọrin. Mo rò pé yàrá tá a ti ń múra ló ń wí, mo ti ń lọ. Ó ní ibẹ̀ náà ni. Kò dúró kí n tú bọ́tìnnì, òun fúnra rẹ̀ ló fà á gba orí mi yọ. Ooru mú lọ́jọ́ náà, ṣìmí tó ti ya ni mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà mi. Ó fi ìka méjì gbé aṣọ náà sókè bí ẹni tó gbé òkú eku, ó ní aṣọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bo irú ikùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló pè ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Mo rin àárín ìjókòó jáde báyẹn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ti ń lé ẹsẹ kẹta, ìjọ sì ń gbè é.

N kò tíì kọrin láti ọjọ́ náà, ì báà ṣe nínú balùwẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹrà? Kó máa jẹrà. Èmi ń wẹ àwọn tí n kò bá tan kí ọwọ́ tìrẹ má bàa kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé, o wá fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, fún òun. Má tẹ yàrá yẹn mọ́. Wọ bàtà funfun rẹ, jókòó lórí àga níwájú ìjọ tó gbe orin tẹ̀lé mi jáde, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ikùn yẹn. Ya fọ́tò ìyẹn ránṣẹ́ sí mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Bí o bá tún lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, má kọ̀wé sí mi.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ìbàdí ríro, ẹ kú ìrántí ohun tí kò dára. Ẹ ní kí n má kọ̀wé bí mo bá lọ. Mo lọ, mo sì ń kọ̀wé. Ẹ ó bínú sí mi lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Mo sunkún lórí lẹ́tà yín títí Àǹtí fi gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sunkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo gbéra lọ sí yàrá yẹn láti lọ bú wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu láti ilé, ọ̀rọ̀ tó dára, ẹ̀yin gan-an ì bá pàtẹ́wọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, “Ta ló dúró síbẹ̀ bí òpó? Tó o bá jẹ́ ẹlẹ́fọ́tò, kò sẹ́ni nílé. Tó o bá jẹ́ èèyàn, gbé omi wá.”

Mo gbé omi lọ. Wọ́n ní ó tutù jù. Mo lọ gbé e kaná. Wọ́n ní ó gbóná jù, wọ́n ní ọwọ́ mi le, wọ́n ní, “Ta ni ìyá tó kọ́ ẹ nílé?” Ó kù díẹ̀ kí n dá wọn lóhùn.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn wọn. Ẹnu wọn burú ju tèmi lọ, wọn ò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan rí láyé. Mo kórìíra wọn bí ẹ ti ní kí n ṣe. Ṣùgbọ́n egbò yẹn kò mọ̀ pé mo kórìíra wọn, ó kàn ń jẹ wọ́n lọ ni. Mo ti rí i. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ jókòó sórí àga kan kí n máa kọrin nípa ìrẹ̀lẹ̀, kí n sì mọ̀ pé mo ti rí i.

Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé ìwé, ni ìdánrawò fún ọjọ́ oyè. Àkókò yẹn náà ni ìyàwó oníbàtà kì í sí nílé. Mo gbìyànjú láti ṣe méjèèjì. Mo sáré dé ìdánrawò pẹ̀lú òórùn ọṣẹ ìpakòkòrò lára, gbogbo wọn bá súnra kì. Bí mo ṣe sọ fún ìgbìmọ̀ nìyẹn pé n kò ṣe mọ́. Igbákejì ní ìgbéraga ni, pé mo fẹ́ ní ìrẹ̀lẹ̀ ju àwọn lọ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí n tó máa wẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà. Akọ̀wé wa ni wọ́n fi rọ́pò mi, ọmọbìnrin tó ń kọrin gba imú.

N kò ní purọ́ fún yín, Màmá. Mo fẹ́ àga yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n máa dìde bí mo bá wọlé. Mo gbé bàtà funfun yẹn sórí itan mi, mo sunkún bí òmùgọ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó rán ẹlòmíràn sí ìyá náà. Alága Ìrẹ̀lẹ̀ ló rán. Mo rò pé Ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni.

Ó dá wá, kò mú ẹlẹ́fọ́tò wá. Bó ṣe rí egbò náà báyìí, ó sáré jáde lọ bì sínú kọ̀tà. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí. Mo ní a ò ní rí i mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé pẹ̀lú ọṣẹ, ó ní kí n kó àwọn aṣọ ibùsùn fóun, látìgbà náà ló sì ti ń fọ̀ wọ́n. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá ń fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń wàásù fún aṣọ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ó ń mọ́.

Yíyí ni a ò mọ̀. Èmi máa ń fa apá, òun á fa ẹsẹ̀, ìyá á máa ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa. Ẹ máa bú mi lọ, kí ẹ sì kọ́ wa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn mìíràn ti gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn lọ́hùn-ún, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe ìfìwéránṣẹ́ ló fà á.

Egbò náà ti jìn sí i. Nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé ìwòsàn, ó fi aṣọ bo imú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí wọn padà dáadáa. Mo ní báwo. Ó ní dáadáa. Ó lọ. Lánàá, nígbà tí a fa apá wọn, awọ bó. Ìyá náà kò ké mọ́, wọ́n kàn ń wo ògiri ni. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

Ẹ bínú sí mi títí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé o ṣẹ̀ mí. Ohun kan ni mo fẹ́ láyé yìí, o gbé e fún ẹni tó ń kọrin gba imú. Ìwọ àti Alága rẹ, òmùgọ̀ méjì ni yín, ẹ ń fa arúgbó lápá lẹ́sẹ̀ bí ẹni fa igi. Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò fẹ́ dá ẹ lóhùn. Mo ti pinnu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wẹ ìyá arúgbó kan. Ìyá náà kò tíì pè mí lórúkọ rí. “Ìwọ yẹn” ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, n kò sì lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó lọ bá ẹnìkan tàkúrọ̀sọ. Èmi ń kọjá lọ. Mo rí ìyá náà lórí ìjókòó tó fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ méjèèjì yẹn. Mo wọlé, mo bò ó, mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo bú ẹni yẹn débi pé wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì.

Nítorí náà, gbọ́. Ẹ má fa apá rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ ká aṣọ ibùsùn kan sí méjì, kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan. Bí ẹ bá fẹ́ sún un, aṣọ yẹn ni kí ẹ̀yin méjèèjì dì mú, kí ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ yí i, dúró síhà tí o fẹ́ kó kọjú sí. Ká apá rẹ̀ tó jìnnà sí ẹ lé àyà rẹ̀, tẹ orúnkún rẹ̀ tó jìnnà sí ẹ, fi ọwọ́ kan sí èjìká rẹ̀, fi ìkejì sí ìbàdí, kí o sì rọra yí i bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Tẹ orúnkún tìrẹ náà, kí ìbàdí rẹ má di tèmi. Ki ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, fi òmíràn sáàárín orúnkún rẹ̀. Kó má sùn lé egbò náà rárá, kó má sì pẹ́ níhà kan. Omi tí ẹ sè, tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí, tó ti tutù, ni kí ẹ fi nu egbò náà. Ẹ má fi pọ́ńdà sí i, ẹ má fi ọwọ́ ra ibi tó pọ́n. Kí ìyàwó oníbàtà lọ pe nọ́ọ̀sì tó ń fi aṣọ bo imú yẹn padà, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi wọlé.

Bí o bá ń wẹ̀ ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ni kí o fi mọ bí omi ti gbóná tó. Lé Alága jáde, ti ilẹ̀kùn. Ojú ni kí o kọ́kọ́ fọ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí apá kan, fọ̀ ọ́, nù ún, bò ó, kí o tó ṣí èkejì. Bo ibi tí ọwọ́ rẹ kò tíì dé, bo ibi tó ti kúrò. Má ṣí gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà jẹ́ pé ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀. Bó ti wù kí èèyàn burú tó, kì í ṣe ìran wíwò.

N kò dárí jì í o. Má lọ jẹ́rìí nínú ìpàdé yín pé màmá rẹ ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, sọ ẹni tó kọ́ ẹ fún un. Sọ fún un pé ọmọbìnrin tó bọ́ láṣọ níwájú ìjọ ni. Má sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́ ni, àbí wọ́n kàn bá yín wí? Ẹ ò parí ìtàn ọ́fíìsì yẹn.

Gbogbo bí ẹ ti wí la ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí a fi aṣọ gbé wọn, ìyá ní, “Ṣé ẹ ti gbé mi tán?” Wọn ò mọ̀ pé a ti gbé wọn. Egbò náà ti ń gbẹ létí, kò sì rùn mọ́. Ìyàwó oníbàtà fa nọ́ọ̀sì yẹn wọlé, ó bá wa wẹ egbò dáadáa, ó sì bi mí pé nọ́ọ̀sì wo ló kọ́ mi. Mo ní èyí tí kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ti gbé Akọ̀wé sórí àga. Mo yá a ní bàtà funfun, ẹ má bínú. Ó há a lẹ́sẹ̀, ó rìn lọ sí iwájú bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Àwòrán abọ́ yẹn ni kàlẹ́ńdà gbé jáde. Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló hàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oyè, Akọ̀wé wá sí yàrá yẹn, ó dá bàtà padà, ó sì bi mí bóyá ó lè máa wá lọ́jọ́ tí mo bá ní ìdánwò. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún. Ó ń ṣe é dáadáa, ó kàn ń kọrin sí i ni.

Mo ti sọ fún wọn. Apá òsì ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́. Apá yẹn, Màmá, látọjọ́ tí mo ti ń wẹ̀ wọ́n, ńṣe ni wọ́n máa ń dì í mọ́ra gírígírí, mo máa ń bá a jà ni. Mo ní, “Màmá, ọmọbìnrin tí ẹ bọ́ láṣọ akọrin níwájú ìjọ ló kọ́ mi bí mo ṣe ń bò yín. Ìyá mi ni.” N kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Omi tutù nínú abọ́, wọn ò sì bú mi. Mo ti rò pé wọ́n ti sùn, kí wọ́n tó gbé apá yẹn sókè fúnra wọn, tí wọ́n nà án sí mi kí n fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “Ṣé ó ṣì ń kọrin?”

Mo ní n kò mọ̀, pé n kò gbọ́ orin yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi.

Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní kí n bo àwọn. Mo ní, “Mo ti bò yín, Màmá.” Wọ́n ní kí n tún bo àwọn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń kí mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ẹlẹ́nu mi,

Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ arúgbó, nítorí pé ẹnu mi le. N kò sọ pé mo gbà.

Ní ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yín, mo ṣì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí Alága fún mi, kí o má sì fi ti páǹtí kún un lọ́tẹ̀ yìí.

Sọ fún Màmá Akọrin pé ohun tí wọ́n bi ẹ kò kàn wọ́n. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń la ẹnu lórí omi ìwẹ̀, kò sóhun tó jáde àfi afẹ́fẹ́. Ìyá tó ń pè mí ní “ìwọ yẹn” ti bi mí bóyá eyín ń dùn mí. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn, n kò ì tíì rí i gbà padà. Kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé, wọ́n ní ohùn mi lo gbé wá sáyé, pé bí o bá ń kọrin nínú ilé, àwọn máa ń dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n mọ orin tí mò ń lé lọ́jọ́ náà. Ní kí wọ́n kọ́ ẹ. Bí o bá ti wẹ Màmá Akọrin tán, tí o ti nù wọ́n gbẹ, tí o sì ti bò wọ́n, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹsẹ kejì ni wọ́n ti dá mi dúró. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kẹta. Wọn ò ní béèrè ohùn ẹni tó jẹ́.

Má kọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Màmá rẹ.